Bí A Ṣe Ń Wọn Iṣẹ́ Wò Kí A Tó Gbà Á ní Àbújá

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń múra láti wá ṣiṣẹ́ ní Àbújá, àti ẹ̀yin tí ẹ ti wà níbí tí ẹ ń wá òmíràn, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Ọdún 2007 ni mo wọ ọkọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́, tí mo sọ̀ kalẹ̀ sí Mararaba. Láti ìgbà náà mo ti gún iyán ní búkà, mo ti fọ ilẹ̀ ọ́fíìsì, mo ti jókòó dáhùn fóònù fún ilé iṣẹ́ ńlá kan. Ní báyìí, mo ní ibi ìdáná tèmi ní Karu, èèyàn mẹ́fà ló sì ń bá mi ṣiṣẹ́. Tí mo bá bi àwọn ará ilé pé èwo ló le jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kíá ni wọ́n máa ń pe iyán gígún. Iṣẹ́ fóònù ni. Lórí àga ni mo ti ṣe é, lábẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù, pẹ̀lú ẹ̀wù tó mọ́ lọ́rùn, òun ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

Àwọn òbí wa máa ń gbàdúrà pé kí ọmọ rí iṣẹ́ abẹ́ òrùlé. Oòrùn àti ẹrù orí ni wọ́n fi ń wọn ìnira, torí àwọn nìyẹn ni wọ́n fara gbá. Ìwọ̀n yẹn kò tó mọ́. Ẹ jẹ́ kí n fi ìwọ̀n tèmi hàn yín, àti bí ẹ ṣe máa lò ó kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé ẹnikẹ́ni.

Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí ẹ̀bi wà àti ibi tí àṣẹ wà

Ní ìdí odó, aago mẹ́rin ìdájí ni a máa ń jí. Iṣu Zaki Biam ni ìyá olóúnjẹ máa ń rà, ó ní kì í tètè ní kókó. Kó tó di aago méjìlá ọ̀sán mo ti gún odó mẹ́jọ, àtẹ́lẹwọ́ mi sì le bí awọ. Ara ń ro mí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí iyán bá ní kókó, èmi ni mi ò jẹ́ kí iṣu jinná dáadáa, èmi náà ni mo sì máa da omi gbóná sí i tí mo máa tún un gún. Bó bá funfun tó ń fà, oníbàárà á béèrè pé ta ló gún un, wọ́n á nawọ́ sí mi. Tí mo bá ti wẹ̀ lálẹ́, oorun ló kàn. Kò sẹ́ni tó ń pè mí lóru nípa iyán àná.

Ọdún 2013 ni mo bọ́ sídìí fóònù. Ẹni tí owó rẹ̀ há, ẹni tí wọ́n yọ owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹni tí káàdì rẹ̀ kò ṣiṣẹ́, àwọn ló ń pè. Ọkùnrin kan pè lálẹ́ ọjọ́ kan. Nígbà tó gbọ́ orúkọ mi, ó yí ọ̀rọ̀ sí Yorùbá: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò ó, ìyá mi wà lórí bẹ́ẹ̀dì níbí. Owó ti kúrò lọ́dọ̀ mi, àwọn tó ń ta oògùn ní àwọn ò rí i.” Mo wo kọ̀ǹpútà, mo rí owó náà. Mo rí i kedere pé ó há sáàárín. Bọ́tìnnì kan ṣoṣo tí mo ní ni èyí tó ń fi ẹ̀sùn ránṣẹ́ sí ẹ̀ka mìíràn, ẹ̀ka náà sì ti pa ilẹ̀kùn láti aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Mo ní kó ní sùúrù di wákàtí 24. Ó bú mi, ó bú ìyá mi, lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mi ò lè já fóònù mọ́ ọn létí. Nígbà tí mo fi máa gbé ẹ̀rọ kúrò létí, ọ̀gá tó ń ṣọ́ wa ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo ti lo ìṣẹ́jú ju iye tó yẹ lọ, wọ́n sì yọ nínú máàkì mi lóṣù yẹn.

Ibẹ̀ ni ìnira iṣẹ́ wà lóde òní: kí ẹ̀bi wà lọ́rùn rẹ, kí àṣẹ má sí lọ́wọ́ rẹ. Ẹni tó bá gbé àpò ìrẹsì mọ̀ pé òun máa sọ ọ́ kalẹ̀. Èmi kò mọ ibi tí mo máa sọ ọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn kalẹ̀ sí, títí di òní mi ò mọ̀ bóyá ìyá rẹ̀ yè.

Ọmọ mi obìnrin tó ń kọ́ ìmọ̀ àwùjọ ní yunifásítì ka nǹkan kan fún mi tó jẹ́ kí n mọ̀ pé ara mi kò purọ́. Àwọn onímọ̀ kan ní Lọ́ńdọ̀nù bẹ̀rẹ̀ sí í tọpa àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wọn láti ọdún 1967. Èrò ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé àwọn ọ̀gá àgbà tó ń ṣe ìpinnu ńláńlá ni àrùn ọkàn á máa pa. Ohun tí Michael Marmot àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí ni pé bí ipò èèyàn bá ṣe ń relẹ̀ sí i ni àrùn ọkàn ń pa á sí i. Wọ́n rò ó pé bóyá sìgá ni, bóyá ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Àwọn yẹn kó ipa tiwọn, wọn kò sì tó láti ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ ìwádìí mìíràn ní 1985, wọ́n fi obìnrin kún un, ó sì hàn níbẹ̀ pé ewu náà pọ̀ sí i fún ẹni tí kò ní àṣẹ lórí bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe ń lọ. Mo ronú kan àwọn mẹ́sẹ́ńjà tí mo mọ̀ ní àwọn ọ́fíìsì ìjọba níbí, tí wọ́n ń gbé fáìlì láti yàrá dé yàrá, tí gbogbo èèyàn ń bi wọ́n pé fáìlì dà.

Nítorí náà, tí wọ́n bá pè yín fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, tí wọ́n sì ní ṣé ẹ ní ìbéèrè, ẹ má ṣe mi orí. Ẹ bi wọ́n báyìí: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, tí oníbàárà bá mú ẹjọ́ wá, kí ni mo lè fi ọwọ́ ara mi ṣe kí n tó wá bá yín?” Kí ẹ wá dákẹ́, kí ẹ máa wo ojú wọn, torí ojú lọ̀rọ̀ wà. Tí wọ́n bá sọ nǹkan pàtó, pé ẹ lè dá owó padà dé iye báyìí, pé ẹ lè pààrọ̀ ọjà, pé ẹ lè pe ẹ̀ka kejì tààrà, ìyẹn dára. Tí wọ́n bá ní “o kàn máa fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀ ni,” ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n sọ yẹn dáadáa. Ẹ̀yin ni wọ́n fẹ́ fi ṣe tìmùtìmù tí àwọn tí inú ń bí á máa lù.

Ìbéèrè kejì: “Ta ló wà nípò yìí ṣáájú, níbo ló sì wà báyìí?” Tó bá jẹ́ pé wọ́n gbé e ga ni, wọ́n á fi ìdùnnú sọ ọ́. Tí èèyàn mẹ́ta bá ti kọjá lórí àga kan láàárín ọdún kan, àga yẹn ló ní àìsàn.

Ẹ bá ẹni tó ń gbálẹ̀ sọ̀rọ̀

Ọdún mẹ́ta ni mo fi gbálẹ̀ ní Central Area, nítorí náà mo mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹni tó ń gbálẹ̀ mọ ẹni tó ń sunkún nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ó mọ ọ́fíìsì tí iná rẹ̀ kì í kú títí di aago mẹ́sàn-án alẹ́. Mẹ́gáàdì ẹnu géètì náà mọ ẹni tó ń jáde pẹ̀lú ìbínú àti ẹni tó kó ẹrù rẹ̀ sínú páálí lọ láìdágbére. Ẹ tètè dé lọ́jọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ẹ kí mẹ́gáàdì ní “sannu da aiki,” ìyẹn “ẹ kú iṣẹ́” lédè Haúsá, ẹ jókòó tì í díẹ̀. Ẹ má bi í pé ṣé ibí dára. Ẹ bi í pé ọjọ́ wo ni owó oṣù tó kọjá wọlé. Ó máa rántí ọjọ́ náà, torí kò sẹ́ni tó ń gbàgbé rẹ̀.

Owó yẹn gan-an ni ìwọ̀n tó kàn. Nígbà tí mò ń gbálẹ̀, kì í ṣe ilé iṣẹ́ tí mò ń gbálẹ̀ rẹ̀ ló ń sanwó fún mi, agbaṣẹ́ṣe kan ni. Ilé iṣẹ́ á ní àwọn ti san fún agbaṣẹ́ṣe, agbaṣẹ́ṣe á ní òun kò tíì rí i. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n jẹ mí nígbà kan, mo sì ń jí lójoojúmọ́ lọ bá ìgbálẹ̀. Iṣẹ́ tí kò wúwo rárá máa ń di òkúta tí owó rẹ̀ kò bá ní ọjọ́. Kí ẹ tó gbà, ẹ béèrè orúkọ ẹni tí yóò máa san owó sínú àkáǹtì yín, kí ẹ sì gba á sílẹ̀ lórí ìwé. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa, èyí tí wọ́n ń pè ní Labour Act, sọ pé kó tó pé oṣù mẹ́ta tí èèyàn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó yẹ kí agbanisíṣẹ́ ti fún un ní ìwé tó sọ irú iṣẹ́ náà, iye owó àti ìgbà tí wọ́n á máa san án, wákàtí iṣẹ́, àti bí ẹnì kan nínú wọn ṣe lè fòpin sí i. Ìwé yẹn kì í ṣe oore tí ọ̀gá ń ṣe yín. Òfin yẹn kan náà ní tí iṣẹ́ ọjọ́ kan bá tó wákàtí mẹ́fà, kí ìsinmi tí àpapọ̀ rẹ̀ tó wákàtí kan wà láàárín rẹ̀. Ní ìdí fóònù wa, ìṣẹ́jú 30 ni wọ́n ń fún wa, wọ́n sì máa ń ka lílọ tọ̀ mọ́ ọn.

Ẹ rin ọ̀nà náà lọ́jọ́ Ajé

Iṣẹ́ tó wà ní Wuse tàbí Garki kò bẹ̀rẹ̀ ní Wuse tàbí Garki fún ẹni tó ń gbé ní Mararaba. Ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ ni ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé kò lè mọ ohun tí à ń pè ní ojú ọ̀nà Keffi láàárọ̀. Mararaba, Nyanya, Karu, Kugbo, kó tó kan oríta AYA tí ìlú ti wá là: ọ̀nà kan ṣoṣo ni ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn ń gbà wọlé láti ìpínlẹ̀ Nasarawa, ilé tó rọ̀ wá lọ́rùn láti san owó rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Ọ̀kadà kò gbọdọ̀ wọ àárín ìlú láti 2006, nítorí náà kò sí ẹni tó máa gbé yín gba àárín ọkọ̀ kọjá.

Ẹ má fi ọjọ́ Àìkú dán an wò, irọ́ ló máa pa fún yín. Ẹ jí lọ́jọ́ Ajé, ẹ múra bí ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́, ẹ wọ ọkọ̀ ní gáréèjì gidi, kì í ṣe ọkọ̀ tó kàn dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tí èèyàn méjì ti wà nínú rẹ̀, torí àwọn wọ́n-ṣáàǹsì, àwọn olè tó ń ṣe bí awakọ̀ àti èrò. Ẹ kọ aago tí ẹ jáde àti aago tí ẹ dé. Ẹ kọ gbogbo kọ́bọ̀ tí ẹ san. Ká ní ó jẹ́ 1,200 náírà ní àlọ àti 1,200 ní àbọ̀: fún ọjọ́ 22 lóṣù, 52,800 náírà nìyẹn. Owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin láti oṣù keje 2024 jẹ́ 70,000 náírà. Ẹ yọ ọ́ kúrò: 17,200 ló ṣẹ́ kù, ẹ kò tíì jẹun. Mo ti rí ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ fún awakọ̀ tí kò sì mọ̀.

Ọ̀nà náà ní ọgbẹ́ mìíràn. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹrin 2014, bọ́ǹbù bú ní gáréèjì Nyanya láàárọ̀, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ń wọkọ̀. Èèyàn tó lé ní 70 ló kú. Ṣíìfù ọ̀sán ni mo wà lọ́jọ́ yẹn, ìdí nìyẹn tí mo fi wà níbí tí mò ń kọ̀wé. Lọ́jọ́ kejì mo lọ síbi iṣẹ́. Mo jókòó, mo gbé ẹ̀rọ sétí, mo rí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà gbogbo wa: kí a jẹ́ kí oníbàárà gbọ́ ẹ̀rín nínú ohùn wa. Mo rín in. Ní gbogbo wákàtí mẹ́jọ yẹn mo rín in, nígbà tí mo sì délé, mi ò lè bá ọmọ mi sọ̀rọ̀. Ọmọ yẹn kan náà ló sọ fún mi lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún pé ní 1983, Arlie Hochschild, onímọ̀ àwùjọ ọmọ Amẹ́ríkà, ti kọ̀wé nípa àwọn tó ń tọ́jú èrò nínú bàálù, pé ẹ̀rín tí wọ́n ń rín jẹ́ ara iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó rẹ̀, ó sì ń gba agbára lára wọn. Ẹ fi í sínú ìwọ̀n yín. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ara yín pé ṣé iṣẹ́ yìí máa gbà mí láàyè láti bínú nígbà tí inú bá ń bí mi, tàbí kí n kàn dákẹ́?

Iṣẹ́ tó ń bá èèyàn wọlé

Èyí kò pẹ́. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ní gúrúùpù WhatsApp, kí ẹ sì fi ọgbọ́n béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ kan pé aago mélòó lálẹ́ ni ọ̀gá máa ń kọ nǹkan kẹ́yìn síbẹ̀. Tó bá jẹ́ aago mọ́kànlá, wákàtí iṣẹ́ yín kò parí ní aago márùn-ún bí ìwé ṣe sọ. Ní 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, jọ gbé e jáde pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀, ewu àrùn rọpárọsẹ̀ rẹ̀ fi ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti ẹni tó ń ṣe wákàtí 35 sí 40 lọ. Ẹ ka wákàtí tiyín, kí ẹ ka ti fóònù mọ́ ọn.

Aládùúgbò mi kan ń fi áàpù wa ọkọ̀. Wọ́n sọ fún un pé òun ni ọ̀gá ara rẹ̀. Lọ́jọ́ kan áàpù ti orúkọ rẹ̀ pa, èrò kan ti fẹjọ́ sùn ún. Ó fẹ́ ṣàlàyé, kò rí ẹni tó máa ṣàlàyé fún. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi ń kọ̀wé sí nǹkan tí kò ní ojú. Tí iṣẹ́ bá jẹ́ ti orí fóònù, ìbéèrè mi ni pé: tí ọ̀ràn bá dé, ta ni mo lè lọ bá, ní àdúgbò wo?

Tí ẹ bá ti wọ inú rẹ̀

Ọ̀pọ̀ nínú yín ti gba iṣẹ́ náà, ilé sì ń wo ọwọ́ yín. Mi ò ní sọ pé kí ẹ fi sílẹ̀ lọ́la. Ohun tó gbà mí ni kí n sọ. Fún ọ̀sẹ̀ méjì mo kọ gbogbo ẹjọ́ tí mi ò lágbára láti yanjú sínú ìwé kékeré. Mo rí i pé irú kan náà ló pọ̀ jù: àwọn tó ti pè tẹ́lẹ̀, tí wákàtí 24 wọn ti pé, tí wọ́n tún ń bẹ̀rẹ̀ àlàyé látìbẹ̀rẹ̀. Mo mú ìwé náà lọ bá ọ̀gá. Mi ò sọ pé iṣẹ́ le. Mo ní, “Mà, ẹ jẹ́ kí n máa fúnra mi pe ẹnì kan ṣoṣo padà lójúmọ́, kí n sọ ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé fún un.” Ọ̀gá àkọ́kọ́ kọ̀. Èyí tó dé lẹ́yìn rẹ̀ gbà. Ẹnì kan lójúmọ́! Mo máa ń fi í sí ìparí ṣíìfù, bí ẹni fi ẹran sí ìsàlẹ̀ abọ́. Ìyẹn ló jẹ́ kí n lè ṣe é di 2017 láìdùbúlẹ̀ àìsàn.

Tí ẹ bá bẹ̀bẹ̀ fún àṣẹ kékeré tí wọ́n kọ̀, tí ẹ tún bẹ̀ ẹ́, tí wọ́n tún kọ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú owó ọkọ̀ àti oúnjẹ oṣù mẹ́ta. Kí ẹ tó lọ, ẹ wo ìwé ìgbàsíṣẹ́ yín fún iye ọjọ́ tó yẹ kí ẹ fi sọ tẹ́lẹ̀. Tí kò bá sí nínú ìwé, Labour Act ní ọ̀sẹ̀ kan fún ẹni tó ti lé ní oṣù mẹ́ta tí kò tíì pé ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ méjì fún ẹni tó ti pé ọdún méjì tí kò tíì pé márùn-ún, oṣù kan fún ẹni tó ti pé ọdún márùn-ún.

Èmi náà ti di ọ̀gá báyìí, ọ̀rọ̀ náà sì ń bi mí. Ní ibi ìdáná mi, ẹnikẹ́ni tó ń bu oúnjẹ ní 1,000 náírà lójúmọ́ tó lè fi tún àṣìṣe ṣe láìbi mí. Tí iyọ̀ ọbẹ̀ bá pọ̀ jù, ó lè fi ẹran kún un. Tí oníbàárà bá dúró pẹ́ jù, ó lè fún un ní omi. Lálẹ́ á sọ ohun tó fi ṣe fún mi. Oṣù mìíràn ń kọjá tí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kò ná 10,000 nínú rẹ̀, ẹni tó sì ń bu oúnjẹ kì í sá wá sẹ́yìn nígbà tí oníbàárà bá gbé ohùn sókè.

Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó dé láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ dán ọ̀nà wò fún iṣẹ́ kan ní Wuse tí wọ́n ní kó máa dé ní aago méje ààbọ̀. Aago márùn-ún ààbọ̀ ló kúrò ní Mararaba. Ó pè mí ní aago méje kọjá ìṣẹ́jú 20. “Ẹ̀gbọ́n, mo ṣì wà ní Kugbo o.” Mo bi í bóyá bírò rẹ̀ wà lọ́wọ́. Ó ní ó wà. Mo ní kó kọ ọ́ sílẹ̀.